Ìdá Nínú Ìdá: Ẹ̀kọ́ Ìṣirò Láti Ṣómólú àti Bàrígà

Kò sí ẹni tí yóò gba òpópónà Shipeolu tàbí Bajulaiye kọjá ní Ṣómólú ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ kí ó má gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni ó sọ àdúgbò náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ibẹ̀ ni a ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìléwọ́ àwọn olóṣèlú àti ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Bàrígà wà, tí ó nà lọ títí dé etí ọ̀sà, níbi tí àwọn apẹja àti àwọn tí ń wa iyanrìn gbé ń ṣiṣẹ́. Ilé oníyàrá púpọ̀ kún inú rẹ̀, èyí tí àwọn bàbá kọ́ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ọmọ. Bébà ní Ṣómólú, ilé ní Bàrígà: ohun méjèèjì ni a máa ń gé sí wẹ́wẹ́, a sì tún máa ń gé wẹ́wẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ mìíràn. Ìṣirò tí ó wà nínú gígé lórí gígé yìí ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lé.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìjọba náà ni Ṣómólú àti Bàrígà wà títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ni ó ti kọ́ òfin ìdá ní àkọ́sórí: sọ nọ́ńbà òkè di púpọ̀ ní ọ̀nà nọ́ńbà òkè, sọ ti ìsàlẹ̀ di púpọ̀ ní ọ̀nà ti ìsàlẹ̀, kí o sì sọ èsì náà di kékeré. Òfin náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n òfin tí a há sórí láìmọ ìdí rẹ̀ a máa sá kúrò lórí ní ọjọ́ tí owó bá wà lórí tábìlì, ọjọ́ náà gan-an sì ni a nílò rẹ̀ jù.

OHUN TÍ ÌDÁ JẸ́

Bí a bá pín odidi ohun kan sí ọ̀nà tí ó dọ́gba, a máa ń fi nọ́ńbà méjì àti ìlà kan láàárín wọn kọ ìpín tí a mú nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń sọ iye ọ̀nà tí a pín odidi náà sí. Nọ́ńbà òkè ń sọ iye ọ̀nà tí a mú. Nítorí náà 3/4 ni pé a pín in sí mẹ́rin, a sì mú mẹ́ta, èyí tí a ń pè ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìlà tí ó wà láàárín náà kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ Áfíríkà: al-Hassar, onímọ̀ ìṣirò kan ní Morocco ní ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rin ọdún lọ sẹ́yìn, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù nínú àlàyé yìí ni “dọ́gba”. Ẹni tí ó gé búrẹ́dì sí mẹ́rin, tí ọ̀kan tóbi tí ìyókù sì rí tín-ín-rín, kò tíì pín in sí ìdá mẹ́rin. Ó kàn gé e ni. Bákan náà ni kí olùkàwé má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tàn án. Ẹni tí ó bá rí 8 tí ó sì rí 4 lè rò pé 1/8 ju 1/4 lọ. Kí ó rántí àwo oúnjẹ kan tí ènìyàn mẹ́rin yí ká, àti irú àwo kan náà tí ènìyàn mẹ́jọ yí ká, kí ó wá sọ ibi tí òun ì bá fẹ́ jókòó sí.

Orúkọ tí Yorùbá fún iṣẹ́ yìí gan-an wà lára ohun tí ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ìsọdipúpọ̀ ni a ń pè é, èyí ni pé a ń sọ nǹkan di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ odidi ni, bẹ́ẹ̀ ni ó rí: 3 ní ọ̀nà 4 jẹ́ 12. Ṣùgbọ́n 1/2 ní ọ̀nà 1/2 jẹ́ 1/4, 1/4 sì kéré sí 1/2. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wo èsì rẹ̀, yóò rí i pé ohun tí òun fẹ́ sọ di púpọ̀ ti di kékeré, yóò sì pa ìṣirò tí ó tọ̀nà rẹ́ kí ó lè kọ èyí tí kò tọ̀nà. Ohun tí a kò sọ fún un ni pé nígbà tí ìdá bá ti wọ ọ̀rọ̀, àmì × kò béèrè “ẹ̀ẹ̀melòó?” mọ́. “Èló nínú rẹ̀?” ni ó ń béèrè. 1/2 × 1/2 ni ìdajì nínú ìdajì. Níbikíbi tí ẹnu bá ti sọ “nínú” láàárín ìdá méjì, ọwọ́ lè kọ àmì × sí ibẹ̀. (Kí a má ṣe pa èyí pọ̀ mọ́ “nínú” tí ó wà nínú orúkọ ìdá fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí “ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin”. Ìyẹn dúró fún ìlà àárín.)

BÉBÀ NI OLÙKỌ́

Kí olùkàwé mú abala bébà kan, kí ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì ọgbọọgba. Ìdajì ni ó wà lójú rẹ̀ báyìí. Kí ó tún ṣẹ́ ìdajì náà po sí méjì, kí ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ojú mẹ́rin ni yóò rí. Ìdajì nínú ìdajì ti di ìdá kan nínú mẹ́rin, kò sì sí òfin kankan tí a pè. Bí ó bá ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kẹta, ojú mẹ́jọ ni. Bí ó bá ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kẹrin, ojú mẹ́rìndínlógún.

Lórí ìṣẹ́po yìí gan-an ni ìwọ̀n bébà tí àwọn atẹ̀wé ń lò lónìí dúró. Àwọn ará Jámánì ni ó fi ìlànà náà lélẹ̀ ní ọdún 1922, nígbà tí ó sì di ọdún 1975, ISO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀, tẹ́wọ́ gbà á. Abala ìpìlẹ̀ ni A0, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 841, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 1,189. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin kan. Ohun tí ó fi dín kò tó nǹkan. A gé A0 sí méjì, ó di A1. A gé A1 sí méjì, ó di A2. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. A4, èyí tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò, jẹ́ 1/2 × 1/2 × 1/2 × 1/2, ìyẹn ni 1/16 A0. Ìwé ìléwọ́ kékeré tí a ń pè ní A6 jẹ́ 1/64. Nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn A kò sọ bí bébà ti tóbi tó. Iye ìgbà tí a gé e sí méjì ni ó ń sọ, ìdí sì nìyí tí A6 fi kéré sí A4 bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 6 ju 4 lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni ó mọ èyí ní ọwọ́ tí kò mọ̀ pé ìṣirò ni òun ń ṣe.

Ìdajì rọrùn. Kí a wá mú èyí tí ó le díẹ̀. Ó ku 3/4 ríìmù bébà kan ní ilé iṣẹ́. Oníbàárà kan dé, ọ̀gá sì sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ yóò gba 2/3 nínú ohun tí ó kù. Èló nínú odidi ríìmù ni iṣẹ́ náà yóò gbà?

Kí olùkàwé ya ìlà ìnaró sórí abala bébà kan kí ó fi pín in sí ọ̀nà mẹ́rin ọgbọọgba, kí ó sì fi pẹ́ńsù kun mẹ́ta nínú wọn. Èyí ni 3/4 tí ó kù. Kí ó wá ya ìlà ìbú kí ó fi pín bébà náà sí ọ̀nà mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú méjìlá ni ó wà lórí bébà náà nísinsìnyí, nítorí mẹ́rin ní ọ̀nà mẹ́ta jẹ́ méjìlá. Ibí yìí ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ti wá. Nínú apá tí a kùn, kí ó mú ìlà ìbú méjì nínú mẹ́ta: mẹ́ta-mẹ́ta ni ojú tí ó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà sì ni gbogbo wọn. Ibí yìí ni nọ́ńbà òkè ti wá. 2/3 × 3/4 jẹ́ 6/12. Òfin tí a há sórí ní kíláàsì kò ju ọ̀nà kúkúrú láti ka àwọn ojú wọ̀nyí lọ.

Kí a kíyè sí i pé òfin òkè pẹ̀lú òkè, ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìsàlẹ̀, ti ìsọdipúpọ̀ ni. Kò sí ohun tí ó kàn án nínú ìròpọ̀. Ẹni tí ó bá lò ó láti ro 1/2 àti 1/2 pọ̀ yóò rí 2/4, èyí tí í ṣe ìdajì. A jẹ́ pé ìdajì búrẹ́dì méjì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ìdajì kan, ìdajì kejì sì ti pòórá.

BÍ A TI Ń SỌ ÌDÁ DI KÉKERÉ

Ẹni tí ó bá wo bébà tí a kùn yẹn yóò rí i pé ojú mẹ́fà nínú méjìlá kò yàtọ̀ sí ìdajì bébà. 6/12 àti 1/2 jẹ́ ohun kan náà. Orúkọ ni ó yí padà. Èyí ni ó yẹ kí olùkọ́ máa tẹnu mọ́, nítorí nígbà tí a bá ní kí ọmọ sọ ìdá “di kékeré”, ó lè rò pé a ní kí ó bù kúrò nínú rẹ̀. A kò bu nǹkan kan kúrò. Ẹni tí ó kó ọgọ́rùn-ún náírà mẹ́wàá lọ fún aládùúgbò rẹ̀, tí ó sì gba ẹgbẹ̀rún náírà kan ṣoṣo, kò pàdánù, kò sì jèrè. Owó rẹ̀ kàn rọrùn láti gbé ni.

Ọ̀nà rẹ̀ ni pé kí a wá nọ́ńbà kan tí ó lè pín òkè, tí ó sì lè pín ìsàlẹ̀, tí kò ní ṣẹ́ kù. Nínú 6/12, 2 lè pín méjèèjì, yóò ku 3/6. 3 lè pín méjèèjì, yóò ku 1/2. Ẹni tí ó bá tètè rí i pé 6 fúnra rẹ̀ lè pín méjèèjì yóò dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ díẹ̀díẹ̀ kò ṣẹ̀. A ó dúró nígbà tí kò bá sí nọ́ńbà mìíràn, yàtọ̀ sí 1, tí ó lè pín méjèèjì. Pínpín nìkan ni a gbà láàyè. Bí a bá yọ 5 kúrò lókè tí a sì yọ 5 kúrò nísàlẹ̀ 6/12, 1/7 ni a ó rí, ojú tí a fi ń wo bébà náà yóò sì jẹ́rìí pé irọ́ gbáà ni.

Ó tilẹ̀ sàn kí a ṣe pínpín náà kí a tó sọ di púpọ̀. Nínú 2/3 × 3/4, 3 wà nísàlẹ̀ níhìn-ín, 3 sì wà lókè lọ́hùn-ún. Wọ́n pa ara wọn rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan di 1. 2 wà lókè, 4 wà nísàlẹ̀. 2 pín wọn, wọ́n di 1 àti 2. Ohun tí ó kù ni 1/1 × 1/2, ìyẹn ni 1/2. Nígbà tí nọ́ńbà bá tóbi, ẹni tí ó kọ́kọ́ pín yóò ti parí iṣẹ́ nígbà tí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ di púpọ̀ ṣì ń wá bébà tí yóò kọ ọ́ sí. Ní ti ríìmù ọ̀gá atẹ̀wé, ìdajì rẹ̀ ni iṣẹ́ náà yóò gbà, abala 250 nínú 500. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè gba ojú ọ̀nà mìíràn wò ó: 3/4 nínú 500 jẹ́ 375, 2/3 nínú 375 sì jẹ́ 250.

Àwọn àgbà tí ó ná owó ṣílè kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973 ti ń ṣe irú ìṣirò yìí láìmú kálámù. Ṣílè jẹ́ 1/20 pọ́n-ùn, sísì jẹ́ ìdajì ṣílè, tọ́rọ́ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ṣílè. Nítorí náà sísì jẹ́ 1/2 × 1/20, ìyẹn ni 1/40 pọ́n-ùn, tọ́rọ́ sì jẹ́ 1/80. Ìyá tí ń ta àkàrà nígbà náà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ogójì àti ọgọ́rin tan òun jẹ.

Èrè ìmọ̀ yìí fún àwọn tí ń ra bébà pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ. Lára ríìmù ni a máa ń kọ ọ́ sí pé gíráàmù 80. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ohun tí a wọ̀n tí ó jẹ́ 80. Kì í ṣe abala A4 kan, kì í sì í ṣe ríìmù. Ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin kan ni, ìyẹn odidi A0 kan. Abala A4 kan jẹ́ 1/16 rẹ̀. Nítorí náà ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1/16 × 80, èyí tí í ṣe 80/16, tí ó di gíráàmù 5. Abala 500 yóò jẹ́ gíráàmù 2,500, kílò méjì ààbọ̀. Bí a bá gbé ríìmù A4 tí a kọ 80 sí lára sórí ìwọ̀n, tí kò sì tó kílò méjì ààbọ̀, nínú ohun méjì, ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀: yálà abala rẹ̀ kò pé, tàbí bébà inú rẹ̀ fúyẹ́ ju bí a ti kọ ọ́ lọ. Bébà gíráàmù 70 yóò jẹ́ 70/16 fún abala kan. 2 pín òkè àti ìsàlẹ̀, ó di 35/8, èyí tí í ṣe gíráàmù 4 àti 3/8. Ríìmù rẹ̀ kò tó kílò méjì àti gíráàmù 200. Ẹni tí ó gba 70 tí ó sì san owó 80 ti pàdánù 10/80, ìyẹn 1/8 ohun tí ó sanwó fún. Bí ó bá ra ríìmù mẹ́jọ bẹ́ẹ̀, odindi ríìmù kan ti lọ.

ÌDÁ NÍNÚ OGÚN

Bí a bá gé bébà ní àgéṣì, a lè ra òmíràn. Ogún kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà tí ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ẹbí kì í ṣe ti olè, kì í sì í ṣe ti ojúkòkòrò. Ẹnì kan ni ó ṣi ìṣirò, ẹlòmíràn kò sì lè fi yé e.

Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ọ̀nà méjì ni a mọ̀ tí a fi ń pín ohun tí bàbá fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún. Nínú ìdí-igi, iye àwọn ìyàwó tí ó bímọ fún un ni a fi ń pín. Àwọn ọmọ ìyá kan jẹ́ ìdí kan, wọn yóò sì pín ti ìdí wọn láàárín ara wọn. Nínú orí-ò-jorí, iye ọmọ ni a fi ń pín, láìka ìyá tí ó bí wọn sí. Ìdí-igi ni ó mú ìdá nínú ìdá lọ́wọ́.

Kí a fi ilé kan ní Bàrígà ṣe àpẹẹrẹ, tí owó yàrá rẹ̀ jẹ́ ₦1,260,000 lọ́dún. Ìyàwó mẹ́ta bímọ fún bàbá tí ó ni ín. Ìyáálé bí mẹ́rin, èkejì bí méjì, ẹ̀kẹta bí ẹyọ kan. Ìdí mẹ́ta ni, nítorí náà ìdí kọ̀ọ̀kan ní 1/3, èyí tí í ṣe ₦420,000. Ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin ìyáálé ní 1/4 nínú 1/3, ìyẹn ni 1/12, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦105,000. Ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú méjì ìyàwó kejì ní 1/2 nínú 1/3, ìyẹn ni 1/6, ₦210,000. Ẹyọ ọmọ ìyàwó kẹta nìkan ni ó ni 1/3 tirẹ̀, ₦420,000. Kí a dán an wò: mẹ́rin 1/12 jẹ́ 4/12, tí ó di 1/3, méjì 1/6 jẹ́ 2/6, tí ó di 1/3, pẹ̀lú 1/3 kẹta, odidi pé.

Wàyí o, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyáálé lè jókòó sí igun ilé kí ó ṣe ìṣirò báyìí pé: “Ìdí mẹ́ta ni, àwa sì jẹ́ mẹ́rin, mẹ́ta àti mẹ́rin jẹ́ méje, 1/7 ni tèmi.” Ó ro nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pọ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ti sọ wọ́n di púpọ̀. 1/7 owó náà jẹ́ ₦180,000. Ó gba ₦105,000, inú bí i, ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ ní ₦75,000. Ohun tí ó tún mú ọ̀ràn náà lọ́jú pọ̀ ni pé ọmọ méje ni gbogbo wọn, 1/7 gan-an ni ì bá sì kàn án bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí ni a fi pín in. Àṣìṣe rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ọ̀nà kejì. Ó lè gbé ẹjọ́ náà káàkiri fún ọdún mẹ́wàá láìmọ̀ pé ohun méjì ni òun dà pọ̀: èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ni ẹbí yàn, àti èló ni ọ̀nà tí wọ́n yàn fún òun. Ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹbí àti ti òfin. Èkejì nìkan ni ti ìṣirò.

Èkó ti gbé ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn jìnnà rí. Nínú ẹjọ́ tí àwọn amòfin mọ̀ sí Dawodu àti Danmole, ọkùnrin kan kú láìṣe ìwé ìhágún, ó sì bí ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà fara mọ́ orí-ò-jorí. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Ìjọba Àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà ní ọdún 1958, ó ní ìdí-igi ni àṣà tí ó gbilẹ̀, àti pé orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè yàn láti fi pẹ̀tù sí aáwọ̀. Ní ọdún 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí í ṣe ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún Nàìjíríà ní ìgbà náà, fi ọwọ́ sí i. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí hàn nínú ìdá. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, orí-ò-jorí fún olúkúlùkù ní 1/9. Ìdí-igi fún ọmọ tí ó jẹ́ ẹyọ kan fún ìyá rẹ̀ ní 1/4. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí mẹ́ta yóò gba 1/3 × 1/4, ìyẹn ni 1/12. Kò lè yani lẹ́nu pé ọ̀nà kan kò dùn mọ́ gbogbo ọmọ.

Lábẹ́ òfin Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ ẹbí ní Ṣómólú àti Bàrígà ń tẹ̀ lé, ìdá náà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni. Lẹ́yìn tí a bá ti san gbèsè olóògbé tí a sì ti mú ohun tí ó pa láṣẹ ṣẹ, ìyàwó ní 1/8 bí olóògbé bá fi ọmọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti là á sílẹ̀ nínú Súrà kẹrin. Bí ìyàwó bá jẹ́ méjì, 1/8 kan ṣoṣo náà ni wọn yóò jùmọ̀ pín: 1/2 × 1/8, tí í ṣe 1/16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe 1/8 fún èyí àti 1/8 fún tọ̀hún.

Bí ọdún ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni ìdá ń wẹ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyáálé Bàrígà bá kú tí ó sì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún ìyá kan, 1/12 tirẹ̀ ni wọn yóò pín sí mẹ́ta: 1/3 × 1/12 jẹ́ 1/36, ₦35,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Bí ẹbí bá sì ti kọ́kọ́ yọ 1/10 owó yàrá sílẹ̀ fún àtúnṣe ilé kí wọ́n tó pín in, 9/10 ni ó kù láti pín. Ọmọ tí ó ní 1/12 yóò wá ní 1/12 nínú 9/10. 3 pín 9 òkè àti 12 ìsàlẹ̀, wọ́n di 3 àti 4. 1/4 × 3/10 jẹ́ 3/40. Dípò ₦105,000, ₦94,500 ni yóò gbà, ₦10,500 tí ó dín sì wà nínú àpò àtúnṣe ilé. Bí a kò bá kọ́kọ́ fi èyí yé e, olè ni yóò pe ẹni tí ń gba owó yàrá.

Ẹbí tí ó bá gbọ́n kì í kọ iye owó nìkan sínú ìwé ilé. Wọ́n máa ń kọ ìdá olúkúlùkù síwájú orúkọ rẹ̀. Owó yàrá máa ń yí padà lọ́dọọdún, ìdá kì í yí padà àfi bí a bá bí tàbí bí a bá kú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ILÉ ÌKÀWÉ

Èkíní: Ó ku 4/5 ríìmù ní ilé ìtẹ̀wé kan; iṣẹ́ kan gba 3/8 nínú rẹ̀. Abala mélòó ni iṣẹ́ náà gbà? Èkejì: Ẹbí kan ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ilẹ̀, wọ́n sì ta 2/3 rẹ̀. Bí odidi pulọ́ọ̀tì bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, báwo ni ohun tí wọ́n tà ti fẹ̀ tó? Ẹ̀kẹta: Nínú ilé Bàrígà tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹyọ ọmọ ìyàwó kẹta kú, ó fi ọmọ márùn-ún sílẹ̀ fún ìyá kan. Bí a bá ti yọ 1/10 fún àtúnṣe, èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gbà lọ́dún?

Ìdáhùn. Èkíní: 3/8 × 4/5 jẹ́ 12/40, tí ó di 3/10, abala 150. Èkejì: 2/3 × 1/2 jẹ́ 2/6, tí ó di 1/3, odidi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 7,200, nítorí náà 2,400 ni wọ́n tà. Ẹ̀kẹta: 1/5 × 1/3 × 9/10 jẹ́ 9/150, tí ó di 3/50, ₦75,600.